Sísọ Caboose Àtijọ́ Di Ilé Gbígbé: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Kí Iṣẹ́ Náà Pẹ́

Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù ní Amẹ́ríkà ṣáájú ọdún 1980 yóò rántí wágọ́nù kékeré kan tó máa ń wà ní ìdí ọkọ̀ pátápátá, tí wọ́n sábà máa ń kùn ní ọ̀dà pupa, tó ní fèrèsé, sítóòfù àti ibùsùn. Caboose ni wọ́n ń pè é. Ohun tí wágọ́nù gáàdì jẹ́ fún rélùwéè tiwa ní Nàìjíríà ni caboose jẹ́ fún wọn: inú rẹ̀ ni gáàdì àti àwọn tó ń mójú tó bíréèkì máa ń jókòó, ibẹ̀ ni wọ́n ń dáná, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sùn. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń so mọ́ ìdí ọkọ̀, tó ń fi rédíò sọ fún awakọ̀ bí afẹ́fẹ́ inú bíréèkì ṣe rí, àwọn iléeṣẹ́ rélùwéè sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú caboose kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láàárín ọdún 1980 sí 1990. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n gé wẹ́wẹ́ tà bí irin àlòkù. Àwọn tó kù bọ́ sọ́wọ́ aládàáni. Ní Ronks, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ilé ìtura Red Caboose ti ń gba àlejò sínú wọn láti ọdún 1970, irú rẹ̀ sì tún wà ní Dunsmuir ní California.

Caboose onírin ni mo yàn fún ìtọ́sọ́nà yìí, mi ò yan kóòṣì èrò, mi ò sì yan wágọ́nù akẹ́rù. Kóòṣì èrò lè gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 85, kó sì wúwo ju tọ́ọ̀nù 60 lọ, ẹrù ńlá ni fún ìdílé kan. Wágọ́nù akẹ́rù ní tirẹ̀ kò ní fèrèsé kankan, ẹ ó sì gé ara rẹ̀ púpọ̀ kó tó jọ ilé. Ṣùgbọ́n caboose, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ fún èèyàn láti gbé inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gùn ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 30 sí 40, wọ́n fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 10, wọ́n sì wúwo tó tọ́ọ̀nù 25.

Iṣẹ́ ìjórin, ìyẹn iṣẹ́ wẹ́dà, ni mo kọ́ ní Ìbàdàn kí n tó wá sí Pennsylvania, irin ni mo sì ń bá ṣe lójoojúmọ́. Ohun tí iṣẹ́ náà fi yé mi nípa caboose ni pé omi ni ń pa á, kì í ṣe ọjọ́ orí. Omi òjò ń wọlé láti òkè, ti ilẹ̀ ń bá a láti ìsàlẹ̀, èyí tí àwọn èèyàn kì í sì í ronú kàn rárá ni omi tí èémí tiwa fúnra wa ń bí nínú ilé. Gbogbo ìgbésẹ̀ tí mo fẹ́ là sílẹ̀ yìí, nítorí omi ni mo ṣe tò wọ́n bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé ìkejì ṣáájú ìkíní.

Ẹ wá ilẹ̀ kí ẹ tó wá ọkọ̀

Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni pé ẹni tó rí caboose lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò sanwó rẹ̀ ná, lẹ́yìn náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí yóò gbé e sí. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì tó ń mójú tó ilé kíkọ́ ní ìlú tàbí káńtì tí ilẹ̀ yín wà. Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa ka caboose tó dúró lójú kan sí ilé gbígbé, àbí ilé ìkẹ́rùsí lásán ni wọ́n máa kà á sí, nítorí pé òfin kò gba èèyàn láyè láti máa sùn nínú ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ti tẹ́wọ́ gba àfikún òfin ilé kíkọ́ ti ọdún 2018 tó wà fún àwọn ilé kéékèèké. Àfikún yìí kan ilé tí ìtẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 400 lọ. Ó fẹ́ kí àjà yàrá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 8, kí ti ilé ìdáná àti balùwẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 4. Caboose tí inú rẹ̀ gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 30, tó sì fẹ̀ ní 9, jẹ́ 270 péré, nítorí náà ó bọ́ sábẹ́ òfin yìí dáadáa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìlú ló tẹ́wọ́ gbà á. Ẹ gba ìdáhùn wọn ní kíkọ sílẹ̀, torí pé òṣìṣẹ́ tó bá yín sọ̀rọ̀ lónìí lè má sí níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ kan náà, ẹ béèrè nípa ṣọ́kàwéè àti iná. Lẹ́yìn náà, kí ẹ rin ọ̀nà tí tírélà yóò gbà wọlé láti ojú títì, kí ẹ fi tépù wọn géètì, kí ẹ sì gbójú sókè wo wáyà iná àti ẹ̀ka igi. Mo mọ caboose kan tó lo oṣù mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nítorí pé afárá kékeré tó wọ inú ọgbà náà kò lè gbé e.

Yíyẹ ọkọ̀ wò

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ẹ mú òòlù kékeré, sukuduráífà àtijọ́ kan, tépù, àti aṣọ tí ẹ lè fi rá wọ abẹ́ ọkọ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ lọ lẹ́yìn òjò.

Inú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tan iná sí àjà, pàápàá ní ibi tí ilé kékeré orí òrùlé, ìyẹn ibi tí gáàdì máa ń gùn lọ jókòó láti wo gbogbo ọkọ̀, ti pàdé òrùlé gan-an. Oríkèé yẹn ló ń jò jù. Àmì àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣàn wálẹ̀ lára ògiri ń sọ fún yín ibi tí omi gbà, ibi tí àmì náà bá sì parí sí ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò dáadáa. Omi tó wọ ẹ̀yìn pákó ògiri máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ jókòó sórí irin ìsàlẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, ibẹ̀ ló ti ń jẹ irin láti ẹ̀yìn, tí ọ̀dà iwájú á ṣì máa dán. Nítorí náà, ẹ bọ́ síta, kí ẹ fi òòlù kan ara ọkọ̀ ní íǹṣì mẹ́fà ìsàlẹ̀ pátápátá, ní ìgbésẹ̀ kan sí èkejì, yíká. Irin tó yè máa ń dún kangó bí agogo. Bí ẹ bá dé ibi tó ti jẹrà, ohùn rẹ̀ á kú lójijì, bí ẹni tó kan páálí. Ẹ fi ẹnu sukuduráífà tì í níbẹ̀. Bó bá wọlé, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, kí ẹ tẹ̀síwájú. Tí ẹ bá parí, ẹ ka àwọn àmì ṣọ́ọ̀kì náà: mẹ́fà tàbí méje kì í ṣe ìṣòro fún ẹni tó mọ irin í jó, ṣùgbọ́n bí àmì bá so kọ́ra wọn láti igun dé igun, ẹ ń ra ògiri tuntun nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ rá wọ abẹ́. Igi ẹ̀yìn ọkọ̀, ìyẹn irin ńlá tó la ìsàlẹ̀ rẹ̀ já láti orí dé ìdí, ni ẹ máa wò. Ẹ na okùn láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dé òpin, kí ẹ rí i bóyá ó tọ́. Bó bá ti tẹ̀, ẹ kí onílé dáadáa, kí ẹ máa lọ. Òun nìkan ni mo máa ń sọ pé kò sí àtúnṣe tó bá owó rẹ̀ mu. Àga tó ti ya, sítóòfù tó ti bàjẹ́, ọ̀dà tó ń ṣí bí èèpo ẹ̀gẹ́, kò sí èyí tó yẹ kó dẹ́rù bà yín nínú wọn, ẹ tiẹ̀ lè fi wọ́n dúnàá-dúrà.

Ẹ gé ọ̀dà díẹ̀ láti inú àti láti ìta, títí dé ara irin, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ àyẹ̀wò láti mọ̀ bóyá òjé wà nínú rẹ̀. Ọdún 1978 ni ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé gbígbé, ṣùgbọ́n òfin yẹn kò kan ọkọ̀ ojú irin, fún ìdí èyí ẹ kà á sí pé òjé wà níbẹ̀ títí àyẹ̀wò yóò fi sọ pé kò sí. Bákan náà ni ohun tí wọ́n wé mọ́ páìpù sítóòfù àti èyí tó wà lẹ́yìn ògiri rẹ̀: ó lè jẹ́ asbestos, ohun ìdènà ooru àtijọ́ tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ilẹ̀, òkúta àti ojú irin

Mo fẹ́ràn kí caboose dúró lórí ẹsẹ̀ irin tirẹ̀, lórí ojú irin gidi, ju kí a gbé e lé òpó kọnkéré lọ. Kì í ṣe nítorí ẹwà nìkan. Bógì méjì, ìyẹn férémù irin tó di àwọn ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú, ló gbé e, bógì kọ̀ọ̀kan sì ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, èèyàn sì lè wọ abẹ́ lọ tún páìpù ṣe. Omi ilẹ̀ kò rí i mú.

Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ dúdú kúrò títí ẹ ó fi kan èyí tó le, ẹ tẹ́ aṣọ ìsẹ́ omi sí i, kí ẹ da òkúta tí wọ́n fọ́ sí wẹ́wẹ́ lé e, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ kì í mọ́lẹ̀ ní ìpele-ìpele. Kí òkúta tó wà lábẹ́ igi ìdábùú, ìyẹn igi tí réèlì ń jókòó lé, nípọn tó íǹṣì 8 ó kéré tán. Réèlì tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà láyé ìgbà yẹn máa ń gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 39, nítorí náà réèlì méjì péré ti tó fún caboose kan, pẹ̀lú igi ìdábùú bíi 24 tí ẹ tò ní íǹṣì 19 àti ààbọ̀ síra wọn. Àlàfo tó wà láàárín réèlì méjèèjì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íǹṣì 8 àti ààbọ̀, ìyẹn mìlímítà 1,435. Ìwọ̀n yìí ni ti ojú irin tuntun tó lọ láti Èkó sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ojú irin àtijọ́ tiwa jẹ́ mìlímítà 1,067, torí náà ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí pẹ̀lú kóòṣì àtijọ́ ní ilé kò gbọdọ̀ da ìwọ̀n méjèèjì pọ̀. Igi ìdábùú àlòkù ti mu creosote yó, òróró olóró tí wọ́n fi ń dènà kí igi má jẹrà. Ẹ má gbé e wọlé, ẹ má fi ṣe ẹbè ẹ̀fọ́, ẹ má sì fi dáná.

Ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wọn ojú irin ní gígùn àti ní ìbú kí ọkọ̀ tó dé, ẹ sì la ojú àgbàrá yí i ká.

Gbígbé e

Owó gbígbé máa ń ju owó tí wọ́n fi ra ọkọ̀ lọ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń ṣírò. Ní Amẹ́ríkà, ẹrù tó bá fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 8 àti íǹṣì 6 lọ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ àkànṣe, caboose sì fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá dúró lórí bógì rẹ̀, ó lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 15, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 13 àti íǹṣì 6 ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní ìlà oòrùn fi ṣe òpin. Nítorí náà, wọ́n máa ń gbé ara rẹ̀ lọ sórí tírélà tí pẹpẹ rẹ̀ lọ sílẹ̀, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní lóbẹ́ẹ̀dì, wọ́n á sì fi ọkọ̀ mìíràn gbé bógì méjèèjì.

Ara caboose kò fi bóòtù so mọ́ bógì. Ó kàn jókòó lé e lórí ni, tí irin gbọọrọ kan láàárín sì ń dì í mú kó má yẹ̀. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni ọ̀pá bíréèkì àti ṣéènì, àwọn wọ̀nyí ni ẹ gbọ́dọ̀ tú kí kíréènì tó fọwọ́ kàn án. Èmi fúnra mi ti fojú rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí a kò bá tú wọn. A ti sọ fún awakọ̀ kíréènì pé gbogbo rẹ̀ ti tú, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ láìrá wọ abẹ́ lọ wò. Nígbà tí ara ọkọ̀ gòkè tó ìwọ̀n ọwọ́ kan, bógì náà bá a gòkè ní apá kan, ó fì lórí ọ̀pá bíréèkì kan ṣoṣo tí ìpẹtà ti bò tí ẹnikẹ́ni kò rí. Ọ̀pá náà ń tẹ̀ lójú wa, díẹ̀díẹ̀, kò dún rárá. Awakọ̀ náà rọra dá a padà sílẹ̀, kò sì sí ẹnì kankan lábẹ́ rẹ̀, Ọlọ́run ló kó wa yọ. Láti ọjọ́ yẹn, èmi ni mo máa ń rá wọ abẹ́, tí màá fi ọwọ́ mi kan oríkèé kọ̀ọ̀kan kí n tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gbé e.

Ibi tí wọ́n máa fi okùn irin sí ni irin ìdábùú tó wà lókè bógì. Wọn kò gbọ́dọ̀ fi kọ́ òrùlé, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fi kọ́ irin ìdìmú. Ẹ ní kí wọ́n lo ọ̀pá ìyàsọ́tọ̀ lókè kí okùn má bàa fún etí òrùlé pọ̀. Kí ọkọ̀ tó kúrò níbi tó wà, ẹ wọn àárín bógì kan sí àárín ìkejì, kí ẹ kọ ọ́ sára pákó, torí pé ní ilẹ̀ yín, bógì ni yóò kọ́kọ́ dórí réèlì, ẹ ó tò wọ́n ní ìwọ̀n yẹn gẹ́lẹ́, ẹ ó fi gíríìsì sí ojú ibi tí ara yóò jókòó, kí kíréènì tó sọ ara kalẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi igi dí ẹsẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ sì jó ìdènà irin mọ́ réèlì ní ìpẹ̀kun méjèèjì.

Òjé àti ìpẹtà

Ẹ kó ọmọdé àti aboyún jìnnà. Ẹ má fi ẹ̀rọ gbígbẹ ha ọ̀dà olójé, ẹ má sì fi iná sun ún, nítorí èéfín rẹ̀ ń wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó ha á, ẹ tẹ́ ọ̀rá nípọn sí ilẹ̀, ẹ wọ ìbòmú onífílítà tó tó iṣẹ́ yìí, kì í ṣe aṣọ ìbòmú lásán, ẹ sì bọ́ aṣọ iṣẹ́ yín síbẹ̀ kí ẹ tó wọ mọ́tò lọ sílé. Ibi tí ẹ bá fẹ́ jó, ẹ kọ́kọ́ ha ọ̀dà rẹ̀ dé ojú irin funfun ní ìbú ọwọ́ kan yíká. Ti asbestos, ẹ pe àwọn tó ní ìwé àṣẹ fún un, kí ẹ sì jáde títí wọn yóò fi parí.

Nígbà tí ara bá ti mọ́, ẹ padà sídìí àwọn àmì ṣọ́ọ̀kì yín. Ẹ gé ibi tó ti jẹrà kúrò títí dé irin tó yè, ẹ má kàn fi irin tuntun lẹ̀ mọ́ ọn lórí, nítorí àlàfo àárín méjèèjì yóò di ilé omi. Ẹ gé irin tó nípọn bákan náà, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ẹ̀gbẹ́ èyí tó wà níbẹ̀, kí ẹ jó o ní ẹ̀ẹ̀mejì-mẹ́ta díẹ̀díẹ̀ kí ó má bàa wọ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ní zinc, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀dà gidi.

Òrùlé ló kàn. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ha oríkèé gbogbo, ẹ fi gọ́ọ̀mù tó ń nà dí wọn, ẹ fi aṣọ tín-ínrín bò ó nígbà tó ṣì tutù, kí ẹ sì kun ọ̀dà rọ́bà funfun lé e ní ìgbà méjì. Ẹ fi páìpù omi da omi sí i fún wákàtí kan, kí ẹnì kan wà nínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Mo máa ń ní kí àwọn èèyàn dúró de òjò gidi méjì, tó ní atẹ́gùn, kí wọ́n tó gbé pákó kan wọlé. Wọn kì í fẹ́ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n òjò alátẹ́gùn máa ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé níbi tí omi páìpù kò dé.

Gbogbo jíjó irin gbọ́dọ̀ parí nísinsìnyí: ojú fèrèsé tuntun, ihò páìpù, ihò ẹ̀rọ amúlétutù, ìkọ́ àtẹ̀gùn. Bí fóòmù bá ti wọ ara ògiri, ẹ kò gbọdọ̀ jó ohunkóhun mọ́, torí pé fóòmù yóò gbiná láti ẹ̀yìn níbi tí ẹ kò ti lè rí i.

Nípa fèrèsé, ọ̀rọ̀ kan wà tó ṣe pàtàkì. Láti ọdún 1980 ni òfin ti béèrè pé kí gíláàsì caboose lè gba òkò dúró, kódà kó gba ọta ìbọn kékeré dúró, nítorí àwọn tó ń ju òkúta lu ọkọ̀. Ààbò ni fún gáàdì nígbà náà. Lónìí, bí iná bá ṣẹ́ yọ lóru, ẹ lè fi òòlù lu fèrèsé yẹn títí, kó má fọ́. Ẹ fi fèrèsé tó ń ṣí pátápátá sí itòsí ibùsùn: òfin ilé fẹ́ kí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 20, kó ga tó íǹṣì 24, kí gbogbo àyè rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 5.7, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má sì ga ju íǹṣì 44 lọ sí ilẹ̀ yàrá. Ẹ jó férémù irin yí ibẹ̀ ká kí ẹ tó gé ògiri, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá gé e tán.

Irin ń làágùn

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù January, ẹnì kan pè mí pé òrùlé caboose òun ń jò. Yìnyín bo ilẹ̀, òjò kò sì rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́wàá. Mo tú pákó àjà kan. Òwú gíláàsì tí wọ́n fi dí ẹ̀yìn rẹ̀ ti rin gbingbin, lójú irin òrùlé sì ni ẹ̀kán omi tò sí, roboto-roboto bí omi orí ewé kókò, tí wọ́n ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fọwọ́ kan ìdí ìṣó kan tó wọ inú irin: ó tutù, ó sì rin. Òrùlé náà kò jò rárá. Irin ló ń làágùn.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lè gbé omi púpọ̀. Bó bá kan ohun tó tutù, yóò sọ omi náà sílẹ̀, bí ìta ife omi tútù ṣe máa ń rin. Bí inú ilé bá gbóná ní ìwọ̀n 21 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí omi inú afẹ́fẹ́ sì jẹ́ ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó lè gbé, irin èyíkéyìí tó bá tutù ju ìwọ̀n 10 lọ yóò rin. Ní Pennsylvania, gbogbo irin ìta máa ń tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ oṣù. Àyè caboose sì kéré: ìkòkò ẹ̀wà kan tó hó fún wákàtí méjì, ẹni méjì tó wẹ̀, tí wọ́n sì sùn, ti tó láti mú ògiri ṣàn. Òwú gíláàsì kò lè dènà rẹ̀, torí pé afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ bá irin.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí afẹ́fẹ́ inú ilé má rí irin fọwọ́ kàn rárá. Fóòmù aláìlójú, tí wọ́n ń fọ́n sára irin tó sì ń le lójú kan náà, ni mo máa ń ní kí wọ́n lò, kí ó nípọn tó íǹṣì 2 ó kéré tán ní ara ògiri, kí ti àjà nípọn jù bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbàgbé àwọn òpó irin tó wà nínú ògiri. Bí pákó yín bá kan òpó yẹn, òtútù yóò gba ibẹ̀ wọlé, ẹ ó sì rí ilà dúdú lára ògiri yín ní ibi tí òpó kọ̀ọ̀kan wà, títọ́ bí ẹni fi rúlà fà á. Ẹ jẹ́ kí fóòmù bo orí òpó náà pẹ̀lú, kí ẹ to igi tín-ínrín ní ìdábùú lé e, kí pákó ògiri wá kan igi yẹn nìkan, kí ìṣó rẹ̀ má gùn débi tí yóò kan irin. Òfin fẹ́ kí ẹ fi páálí gípísọ́ọ̀mù tó nípọn tó ìdajì íǹṣì bo fóòmù nítorí iná. Pákó ẹlẹ́wà lè wá lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fún omi ní ọ̀nà tí yóò gbà jáde. Kí fáànù ilé ìdáná àti ti balùwẹ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ síta, kì í ṣe sínú àjà, kí ti balùwẹ̀ sì ní ẹ̀rọ tó ń tan án fúnra rẹ̀ bí ọ̀rinrin bá pọ̀. Ẹ fi ìdérí sórí ìkòkò. Ẹ ra aago kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kí ẹ má jẹ́ kó ju 45 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nígbà òtútù.

Ẹni tó bá ń ṣe tirẹ̀ ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé, ìdàkejì ni tirẹ̀. Níbẹ̀, ìta ló gbóná tó sì rin, ẹ̀rọ amúlétutù ló ń mú inú tutù, nítorí náà omi ń ti ìta wá wọ ẹ̀yìn pákó. Fóòmù kan náà ló ń dènà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀rá sí ẹ̀yìn ògiri inú, ẹ ó kàn há omi mọ́bẹ̀ ni.

Iná, omi àti inú ilé

Ilé onírin ni ẹ ń gbé. Bí wáyà kan bá bó tó sì kan ògiri, gbogbo ilé ti di wáyà nìyẹn. Oníná tó ní ìwé ẹ̀rí ni kó ṣe é, kí ó so ara ọkọ̀ mọ́ wáyà ilẹ̀, kí ó fi rọ́bà sí ojú gbogbo ihò irin tí wáyà gbà kọjá, kí sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná àti balùwẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tó ń pa ara rẹ̀ bí iná bá jò. Ẹ fi agogo èéfín àti agogo carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn, sí i kí ẹ tó sùn nínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Páìpù omi ni òtútù máa ń kọ́kọ́ mú, nítorí abẹ́ ọkọ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹ kó ilé ìdáná, balùwẹ̀ àti ilé ìyàgbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí páìpù kan ṣoṣo gòkè wá láti inú ilẹ̀, kí ẹ kan àpótí pákó tó ní fóòmù yí i ká, pẹ̀lú wáyà tó ń mú páìpù gbóná. Ẹ̀rọ amúlétutù kékeré tó tún ń mú ilé gbóná ti tó fún ilé tó tóbi bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ pa sítóòfù onígi àtijọ́ mọ́, ẹ ní ìfẹ́ mi, ṣùgbọ́n kí ó ní páìpù afẹ́fẹ́ tirẹ̀ láti ìta, torí pé ilé yín kò jò mọ́.

Bí ẹ ó ṣe to inú rẹ̀ kù sọ́wọ́ yín. Ẹ máa fi ibi ìjókòó gáàdì lókè sílẹ̀ bó ṣe rí. Kò sí ibi ìkàwé tó dà bíi rẹ̀, fèrèsé rẹ̀ tó bá ń ṣí sì ń lé ooru jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bẹ́ẹ̀dì tó ní dúrọ́ọ̀ lábẹ́ ló yẹ ilé tóóró, àmọ́ kí ẹ fi àlàfo ìka méjì sílẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri ìta, kí afẹ́fẹ́ lè kọjá.

Ọdún àkọ́kọ́

Nígbà òtútù àkọ́kọ́, ní òwúrọ̀ tó bá tutù jù, ẹ gbé mátírẹ́ẹ̀sì sókè kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀, ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà ní igun, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ àti etí férémù ilẹ̀kùn méjèèjì. Ibi tó bá rin ni fóòmù ti yọ̀ sílẹ̀. Ẹ sàmì sí i, kí ẹ tú pákó rẹ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ bá gbóná, kí ẹ sì dí i. Nígbà ìrúwé, ẹ gun òrùlé lọ wo oríkèé ilé kékeré yẹn, ẹ gbá ewé kúrò ní etí rẹ̀, kí ẹ sì fi òòlù kan íǹṣì mẹ́fà ìsàlẹ̀ yẹn yíká bí ẹ ti ṣe ní ọjọ́ tí ẹ rà á.